Eku Dídì, Oúnjẹ Òjòlá Inú Ilé

Ilẹ̀ ti ṣú. Abọ́ omi kan wà lórí tábìlì, omi inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ọ̀rá kan léfòó lójú omi náà, wọ́n dì í lẹ́nu pinpin. Eku funfun ló wà nínú rẹ̀, ó ti kú láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Títí di àná, ó le gbagidi nínú fìrísà. Ní báyìí, ara rẹ̀ ti rọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ejò fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ wò bóyá yìnyín ṣì kù nínú. Kò kù. Ó nu omi ara eku náà gbẹ, ó fi ẹ̀mú gígùn dì í mú lẹ́yìn ọrùn, ó ṣí àpótí onígíláàsì, ó sì na eku náà síwájú ibi tí òjòlá kan fara pamọ́ sí.

Òjòlá kọ́kọ́ yọ ahọ́n lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, eku ti kúrò lẹ́nu ẹ̀mú, òjòlá ti wé mọ́ ọn, ó ń fún un pọ̀ bí ẹni pé ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dẹ ara. Ó wá ibi tí orí eku wà, ó ya ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì láti orí lọ sí ìrù.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ́ ejò lónìí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì àti níbi gbogbo tí àwọn ènìyàn ti ń sin ejò nínú ilé bí wọ́n ṣe ń sin ajá àti ológbò. Eku tí wọ́n pa, tí wọ́n mú kó dì, tí wọ́n sì tún yọ́ ni oúnjẹ. Ọ̀nà yìí dára ju kí wọ́n ju eku ààyè sí ejò lọ. Ó dára fún ejò, ó sì dára fún eku. Ewu tó kù nínú rẹ̀, orí ènìyàn ló wà, ilé ìdáná ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òjòlá tó ti ọ̀dàn wá

Òjòlá tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn èyí tí wọ́n ń sìn lókè òkun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni. Python regius ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ọ̀dàn àti ẹ̀gbẹ́ oko ló ń gbé, láti Senegal títí dé Uganda. Tógò, Benin àti Nàìjíríà sì wà láàárín. Kò tóbi bí àwọn òjòlá tó ń gbé ẹtu mì. Èyí tó ti dàgbà kì í sábà gùn ju mítà 1.5 lọ. Kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ roboto, tí yóò sì fi orí pamọ́ sáàárín. Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí ló jẹ́ kí àwọn tó ń sin ejò fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́sàn-án, inú ihò tí eku ti gbẹ́ tàbí inú ògán ló máa ń wà. Alẹ́ ló ń jáde. Ẹyẹ àti oríṣiríṣi eku ló ń jẹ, títí kan òkété tí kò tíì tóbi jù. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ ọ́n kì í pa á, torí eku tí ì bá jẹ àgbàdo rẹ̀ tán ni òjòlá ń pa jẹ.

Ní ìlú Ouidah ní Benin, ẹni ọ̀wọ̀ ni òjòlá yìí. Tẹ́ńpìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú wọn sí nítorí òrìṣà Dangbe. Wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n jáde lọ wá eku jẹ fúnra wọn. Bí ọ̀kan bá ṣìnà wọ ilé onílé, onílé náà kì í fi igi lù ú. Ó máa gbé e padà sí tẹ́ńpìlì tàbí kó ránṣẹ́ kí wọ́n wá gbé e.

Láti ẹkùn yìí kan náà ni òwò òjòlá ti bẹ̀rẹ̀. Tógò, Benin àti Ghana ló ń kó wọn lọ sí òkè òkun jù, Amẹ́ríkà ló sì ń rà jù. Àwọn ọdẹ máa ń gbẹ́ abo tó lóyún jáde nínú ihò, wọn a gbé e lọ sí ọgbà ìtọ́jú, yóò yé ẹyin síbẹ̀, wọn a sì ta àwọn ọmọ tí ẹyin náà bá pa. Àwọn tí wọ́n ti kó lọ láti nǹkan bí ọdún 1975 ti lé ní mílíọ̀nù kan dáadáa. Àdéhùn àgbáyé tó ń jẹ́ CITES fi òjòlá yìí sínú àkọsílẹ̀ kejì rẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n lè tà á, àmọ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1992, Bob Clark, ará Amẹ́ríkà kan tó ń sin ejò, mú kí òjòlá àfín pa nínú ẹyin lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń sìn ín ti ń wá àwọ̀ oríṣiríṣi. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òjòlá tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì lónìí, inú ilé ni wọ́n bí wọn sí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ sinmi lé èyí púpọ̀. Òjòlá tí wọ́n mú nínú igbó mọ eku tó ń sáré, tó ń ké, tó ní òórùn igbó lára. Èyí tí wọ́n bí nínú ilé, tí wọ́n sì ti fún ní eku dídì láti kékeré, kò mọ oúnjẹ mìíràn.

Eyín eku

Ejò inú igbó ló ń yan ibi tí yóò ba sí de eku. Bí eku bá yíjú padà sí i, ó ní àyè láti sá. Nínú àpótí onígíláàsì, kò sí ibi tí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lè sá gbà.

Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun híhù, iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa gé nǹkan. Bí ebi kò bá pa ejò, tàbí bó bá ń múra láti bọ́ awọ tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tàbí bí òtútù bá mú un, kò ní ka eku tí wọ́n jù sọ́dọ̀ rẹ̀ sí. Ilẹ̀ á mọ́, ebi á sì máa pa eku náà. Ara ejò ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ leku ń jẹ awọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ejò bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn dókítà ẹran tó ń tọ́jú ejò mọ egbò yìí dáadáa: ẹ̀yìn tí eku ti jẹ títí tí egungun fi hàn, ojú tó fọ́, ètè tó ya. Egbò mìíràn á jinná, á fi àpá sílẹ̀. Òmíràn kì í jinná.

Ìpín ti eku pẹ̀lú kò dára. Ẹran tó mọ ìrora ni. Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú ohun tó máa pa á, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àríyànjiyàn lórí èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1849 ni ọgbà ẹranko London ṣí ilé kan fún ejò àti alángbá, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ẹran ààyè ni wọ́n ń jù sí àwọn ejò níbẹ̀ níṣojú èrò ìwòran. Láàárín ọ̀rúndún yẹn náà ni àwọn aráàlú ti fárígá pé ìwà ìkà ni. Lónìí, ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọgbà ẹranko kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹran ààyè tó ní eegun ẹ̀yìn bọ́ ẹranko, àfi bí ọ̀ràn bá le kọjá ohun tí ọ̀nà mìíràn lè yanjú. Òfin ìtọ́jú ẹran tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 fún England àti Wales sì dáàbò bo eku tó wà lọ́wọ́ ènìyàn, bó ṣe dáàbò bo ejò: ìyà tí kò pọndandan kò gbọ́dọ̀ jẹ èyíkéyìí nínú wọn.

Àwọn kan wà, ní Amẹ́ríkà pàápàá, tí wọ́n ṣì ń ra eku ààyè ní ìsọ̀. Wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe dá ejò nìyẹn, pé ọdẹ ni, ó yẹ kó ṣe ọdẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò dúró. Ejò tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí kò ṣe ọdẹ kankan. Ẹnìkan ló gbé ẹran wá bá a. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé eku ààyè lè fi eyín gbèjà ara rẹ̀, eku dídì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí eku dídì ti ń wá

Oko wà tó jẹ́ pé eku nìkan ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, nínú àwọn àpótí ṣíṣu tí wọ́n tò sórí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Bí wọ́n ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń ṣà wọ́n. Àwọn ọmọ àìtọ́jọ́ wà, pupa ni wọ́n, wọn kò tíì hu irun, wọn kò sì wúwo ju gíráàmù kan sí méjì lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu irun tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, títí dé orí àgbà èkúté tó ń wúwo tó gíráàmù 20 sí 30. Lókè wọn ni àwọn eku ńlá, tí ẹyọ kan nínú wọn lè kọjá gíráàmù 300.

Gáàsì carbon dioxide ni wọ́n sábà fi ń pa wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń tú gáàsì náà ṣe pàtàkì. Ó gbọ́dọ̀ máa wọlé díẹ̀díẹ̀ kí eku lè kọ́kọ́ dákú. Bí wọ́n bá dà á lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, yóò mú un lọ́nà ọ̀fun, yóò sì joró. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lè pẹ́ gan-an láìmí, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú gáàsì ju àwọn àgbà lọ. Àwọn onímọ̀ kan kò tíì gbà pé ọ̀nà yìí rọrùn tó fún eku, wọ́n sì ń wá èyí tó sàn jù. Ó yẹ kí ẹni tó ń ra eku dídì béèrè bí wọ́n ṣe pa á. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú wọn dì kíákíá, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá, wọ́n á sì kó wọn ránṣẹ́. Odindi ni wọ́n ń tà á, torí odindi ni ejò nílò. Egungun eku ló ń fún un ní kálísíọ́mù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fún un ní fítámì A. Ejò tí wọ́n bá ń gé ẹran màlúù tàbí ẹran adìyẹ fún kò ní rí àwọn nǹkan wọ̀nyí tó, ara rẹ̀ á sì fi hàn bó pẹ́ bó yá. Eku dídì pàápàá kì í wà bákan náà títí láé. Bó ṣe ń pẹ́ nínú fìrísà ni fítámì inú rẹ̀ ń dín kù, ni ọ̀rá ara rẹ̀ ń kan. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú kì í jẹ́ kó ju oṣù 6 lọ, àwọn mìíràn ń jẹ́ kó pé ọdún kan.

Bí wọ́n ṣe ń yọ́ ọ

Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n gbé eku láti inú fìrísà bọ́ sínú fìríìjì mọ́jú. Yìnyín á yọ́ jẹ́jẹ́ láìjẹ́ pé ara eku gbóná tó láti máa rà. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́ ejò, wọ́n á fi ọ̀rá náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ara eku á fi gbóná bí ara eku ààyè, ìyẹn nǹkan bíi 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí omi má wọnú ọ̀rá, torí òórùn ara eku wà lára ohun tí ejò fi ń dá a mọ̀.

Kò gbọ́dọ̀ wọ inú máíkírówéèfù. Ibì kan á jinná, ibì kan á ṣì dì, ikùn rẹ̀ sì lè bẹ́. Wọn kì í sì í sè é. Egungun tí iná bá ti kàn á máa sán, ó sì lè gún ejò nínú. Bákan náà, eku tó ti yọ́ tí ejò kò jẹ, inú ìdọ̀tí ni ibi tó yẹ ẹ́. Kò sí ìyá tó mọ oúnjẹ sè tí yóò yọ́ ẹja dídì, tí yóò fi í sílẹ̀ mọ́jú, tí yóò tún dá a padà sínú yìnyín kó lè sè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Eku ejò kò yàtọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń mú eku gbóná ni pé òjòlá kì í fi ojú nìkan wá oúnjẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀, ó ní àwọn ihò kéékèèké tó fi ń mọ ibi tí ooru wà, òun ló fi ń rí eku nínú òkùnkùn ihò. Eku tútù kò jọ eku lójú rẹ̀. Ejò pupa tí wọ́n ń pè ní corn snake, èyí tó wá láti gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Òórùn ni ó fi ń wá ẹran, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lórí eku dídì.

Ìwọ̀n eku ṣe pàtàkì. Kí ó má fi bẹ́ẹ̀ sanra ju ibi tó sanra jù lọ lára ejò. Àwọn ọmọ ejò ń jẹun ní nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 síra. Àgbàlagbà òjòlá lè tó ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jẹ òmíràn. Àwọn dókítà ẹran ń ráhùn pé ejò tó sanra jù ni wọ́n ń rí, wọn kò rí èyí tí ebi ń pa tó bẹ́ẹ̀. Olówó rẹ̀ fẹ́ràn kí ó máa wò ó bó ṣe ń jẹun ni, kì í ṣe pé ebi ń pa á.

Bí ejò bá ti gbé eku mì, wọ́n á fi sílẹ̀ fún wákàtí 48 ó kéré tán. Ejò kò ní ooru ara tirẹ̀. Ooru ibi tó wà ló fi ń da oúnjẹ. Apá kan nínú àpótí òjòlá gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ibẹ̀ bá tutù, eku á máa rà sí i nínú dípò kó dà, yóò sì bì í padà. Ejò tó bá bì báyìí ti rẹ̀ gan-an, kò yẹ kí wọ́n tún sáré fún un lóúnjẹ.

Ejò tó kọ̀ láti jẹun

Python regius ló ń kó ọkàn olówó rẹ̀ sókè jù. Ó lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan láìsí àìsàn kankan, ní àsìkò òtútù tàbí nígbà tó ń wá akọ tàbí abo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á á rò pé ó fẹ́ kú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré padà sídìí eku ààyè.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń gbani níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo àpótí: ṣé ó gbóná tó, ṣé ejò ní ibi tó ṣókùnkùn tó lè sá sí, ṣé wọn kì í gbé e jù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá gbìyànjú àwọn ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n lè mú orí eku gbóná ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n lè fi eku náà sí ẹnu ihò ejò lálẹ́, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Wọ́n lè fi eku pa ara koríko tí irú eku mìíràn ti sùn lé, kí òórùn rẹ̀ lè yí padà. Sùúrù ló ń borí nígbẹ̀yìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Òṣùwọ̀n ló yẹ kó pinnu ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ti dókítà: bí ejò bá kọ oúnjẹ ju oṣù kan lọ, tí ìwúwo rẹ̀ kò yẹ̀, kò tíì sí wàhálà. Bó bá ń fọn, kí wọ́n gbé e lọ.

Yìnyín kì í pa Salmonella

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé ohun tó bá ti dì ti mọ́. Òótọ́ ni pé yìnyín ń pa àwọn aràn kan àti àwọn kòkòrò tó ń gun ara eku. Àmọ́ Salmonella, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ibà, èébì àti inú rírun, máa ń sùn nínú yìnyín ni. Bí eku bá yọ́, yóò jí.

Ní ọdún 2009, àwọn elétò ìlera ní Gẹ̀ẹ́sì rí i pé irú Salmonella kan ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, ìdí eku dídì tí ilé iṣẹ́ kan ń kó wá láti Amẹ́ríkà ni wọ́n já sí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ti kó o kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Ní ọdún 2010, àrùn kan náà hàn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó eku ilé iṣẹ́ náà kúrò lọ́jà. Ọdún 2014 tún dé, eku dídì tún kó àrùn ran àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Èyí tó burú jù bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2015. Lithuania ni wọ́n ti ń kó eku náà wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Láàárín ọdún 2015 sí ìparí ọdún 2021, ó lé ní 800 ènìyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n kó Salmonella tó bá ti inú eku náà mu. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá kíkó eku oúnjẹ ejò wọlé láti Lithuania dúró.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó àrùn yìí kò fọwọ́ kan ejò rí. Ẹlòmíràn nínú ilé ló ń sìn ín. Abọ́ tí wọ́n yọ́ eku nínú rẹ̀ ni wọ́n fi po ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Omi inú ọ̀rá kán sórí tábìlì tí ọmọdé ti ń jẹun. Ọ̀rá eku wà nínú fìrísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja àti ẹ̀wà tútù. Ibi tí àrùn gbà wọlé kò ju èyí lọ, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí wọ́n tì pa.

Kí eku ejò ní fìrísà tirẹ̀. Bí kò bá sí owó fún èyí, kí ó wà nínú ike tí wọ́n dé pinpin, ní ìsàlẹ̀ oúnjẹ gbogbo. Kí abọ́, ẹ̀mú àti aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é má dé ilé ìdáná mọ́ láé. Kí wọ́n má ṣe yọ́ ọ nínú ibi ìfọwọ́ tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan eku, ejò tàbí àpótí rẹ̀. Àwọn elétò ìlera ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àrùn jà, fọwọ́ kan ejò tàbí oúnjẹ rẹ̀ rárá. Ilé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó eku ejò wọ ilé ìdáná.